Èyí Tó Ń Wúkọ́ Kó Tó Sọ̀rọ̀

Dáhùnsí gbé e dé láti Èkó lọ́jọ́ Ẹtì,
nínú páálí, nínú ọ̀rá tó ń dún ṣàkàṣàkà.
Ó ní, "Àbúrò, wò ó. Ojú kan náà. Aṣọ iwájú kan náà.
Bọ́tìnì mẹ́fà, bí i ti bàbá rẹ gẹ́lẹ́.
Tìrẹ yìí, jẹ́ ká tú ìfun inú rẹ̀ dà nù,
ká ki pátákó tuntun bọ̀ ọ́ níkùn."

Mo wò ó. Irọ́ kọ́. Wọ́n jọra
bí ìbejì tí ọ̀kan lọ sókè òkun
tí ọ̀kan dúró sí Ẹ̀fọ̀n, lábẹ́ òkè, nínú kùrukùru.
Kò sí gílóòbù nínú tuntun, ṣá.
Iná pupa kékeré kan ni wọ́n fi síbẹ̀
kó lè jọ ẹni tí ara rẹ̀ gbóná.

Áńpù bàbá mi kò ní bọ́tìnì mẹ́fà mọ́, ká sòótọ́.
Márùn-ún ló kù. Ìdérí ìgò oògùn ikọ́ ni ìkẹfà,
ó fi àtè lẹ̀ ẹ́ lọ́dún tí mo wà ní ìwé mẹ́ta.
Tíránsífọ́mà rẹ̀ jó lẹ́ẹ̀mejì.
Lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ ló fi wé wáyà rẹ̀,
èmi ni mò ń kà á fún un,
tí mo bá ṣì í kà, a ó tú u, a ó tún un wé.
Gílóòbù ńlá méjì yẹn, inú rédíò òkú ni ọ̀kan ti wá,
ìkejì, kò sẹ́ni tó mọ̀.
Nítorí náà, nígbà tí Dáhùnsí ń pè é ní ojúlówó,
ó ń ṣe mí bíi kí n bi í: èwo nínú rẹ̀?
Igi nìkan ni a kò tíì pààrọ̀,
ikán sì ti ń bá a sọ̀rọ̀ létí.

A gbé méjèèjì sórí bẹ́ǹṣì.
Gìtá kan, wáyà kan tó là sí méjì bí ahọ́n ejò.
Ọ̀gá Falúyì ń ta á. Wọ́n ní kí n kọ ẹ̀yìn sí wọn,
kí n dárúkọ èyí tó ń ké,
èmi tí mo ti ń jó òjé láti ọdún mọ́kànlélógún.
Mo dijú. Mo ní, "Ti bàbá mi nìyẹn."
Tuntun ni.
Mo tún ṣì í lẹ́ẹ̀kejì.
Ojú tì mí bí ẹni tó fi orúkọ ìyàwó àná kí ìyàwó òní.

Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, kò gbójú sókè.
"Ẹ pa wọ́n. Ẹ tún wọn tàn."
Tuntun dáhùn lójú ẹsẹ̀, bí ọmọ tí tíṣà pè.
Ti bàbá mi dákẹ́.
Ó dákẹ́. Ó ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ nínú gíláàsì,
ó wá wúkọ́, ó kùn hùn-ùn,
bí àgbà tó ń wá bàtà rẹ̀ kó tó jáde.
"Òun nìyẹn," ìyá mi ní. "Ogójì ọdún ni mo fi gbọ́ ikọ́ yẹn nínú ulé yìí.
Tó bá ti wúkọ́, mo mọ̀ pé bàbá yín kò ní sùn.
Mo máa ń bínú."
Ó ju òkúta kan nù. "Ẹ gbé tuntun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dáa."

Ó dáa lóòótọ́. Kì í gbá ni lọ́wọ́.
Ọmọdé akọrin lè dá gbé e gun òkè.

A ṣì ń jiyàn nígbà tí wọ́n mú iná lọ.
Tuntun kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.
Ọ̀gá Falúyì kò dá ìka dúró,
ohùn ti bàbá mi sì ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀,
bí ẹni tó gbé àtùpà sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn òkè,
títí gílóòbù fi dúdú.
Dáhùnsí kò sọ nǹkan kan.
Mo ń gbọ́ ẹ̀wà tó ń bọ́ sínú abọ́ nínú òkùnkùn.
Mo nawọ́ kan ìdérí ìgò oògùn náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Lọ́la, n óò wá pákó ìrókò,
nítorí ikán.