Agogo Ilé-Ìwé Wa ní Kàfánṣàn

Kí gogoro tó dé, irin ni.
Gígé irin rélùwéè kan, kò gùn ju apá ọkùnrin lọ,
tí bàbá mi fi ayùn gé ní yáàdì lọ́jọ́ Sátidé kan,
tó fi wáyà so mọ́ igi máńgòrò iwájú kíláàsì kìn-ín-ní.
Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
"Irin tó ti gbé ọkọ̀ fún ogún ọdún," ló wí,
"ẹ jẹ́ kó gbé ọmọ síwájú díẹ̀."

Bóbáì ló ń lù ú. Ìka méjì ló kù lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀;
àárín wágùnù méjì ló fi ìyókù sí.
Kọ́n, kọ́n, kọ́n.
Àwọn ọmọ Haúsá ní "zó, zó, zó" ló ń wí.
Èmi gbọ́ "yá, yá, yá."
Ohun tí àwọn ọmọ Kàjé gbọ́,
wọ́n fi rẹ́rìn-ín ni, wọn ò sọ fún mi.

Ọdún tí mo wọ kíláàsì kẹrin ni wọ́n mọ gogoro.
Òkúta pupa láti etí odò, ogójì àpò símẹ́ǹtì.
Sámbò bíríkìlà fi ojú lásán wọ̀n ọ́n;
ìdí nìyẹn tó fi tẹ̀ sí ìhà ìlà-oòrùn
bí ẹni tó ń retí lẹ́tà.

Ọkọ̀ ojú irin gbé agogo dé láti Pọ́tákọ̀,
nínú àpótí, lórí ibùsùn koríko.
Ọmọ mẹ́rìndínlógún la gbé e láti téṣàn.
Mo di etí àpótí mú dáadáa; n ò gbé nǹkan kan.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dún, ewúrẹ́ tú ká,
tísà ìṣirò gbàgbé iye tó wà lẹ́nu rẹ̀.
Bàbá mi yọ orí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì:
"Ohùn ọlọ́rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ wá."
Ìyá alásè ti fi irin tiwa ti ìkòkò ẹ̀wà.

Ta ló sán agogo yẹn? Sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní àwọn ni.
Bóbáì ní ọyẹ́ ni.
Láti ìgbà náà, bí ẹni tó há lọ́fun ló ń dún.

Ọkọ̀ kò wá mọ́. Koríko bo ojú irin.
Bàbá mi kó àpótí iṣẹ́ rẹ̀ padà sí Ọ̀fà,
ó ń jí ní aago márùn-ún ààbọ̀ títí ó fi kú,
láìsí agogo kankan.

Ní báyìí, oyin ló ń gbé inú agogo.
Gbohùngbohùn ni wọ́n gbé sí fèrèsé gogoro, oòrùn ló ń bọ́ ọ;
agogo tí ẹlòmíì lù ní ìlú tí n ò mọ̀ ló ń sín jẹ.
Nígbà ọlidé pàápàá ó ń dún, ó ń pe ewúrẹ́ wọ kíláàsì.

Mo débẹ̀ lóṣù keje. Òjò ti gba ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀rọ ti yadi.
Ọmọbìnrin kan yọ láti ẹ̀yìn ilé ìdáná,
ó gbé irin kan dání, dúdú bí ìdí ìkòkò.
Mo rí ojú ayùn létí rẹ̀, ó wọ́ díẹ̀:
Sátidé ni, bàbá mi ń kánjú.

Ó so ó mọ́ ilẹ̀kùn gogoro, ó fi òkúta lù ú.
Mo bi í pé kí ló gbọ́.
Ó rẹ́rìn-ín. Kò sọ fún mi.