Lẹ́tà Tí Mo Kọ

Èmi ni mo kọ lẹ́tà náà.
Lọ́ọ̀yà kọ́, ọ̀gá ilé-ìwé kọ́,
èmi, tísà eré ìdárayá ní Ìkọ̀lé,
pẹ̀lú bírò tó ń ta yíǹkì sí mi lọ́wọ́.

Mo ní: Fálùyì ti tọwọ́ bọ̀wé lọ́dọ̀ wa,
bàbá rẹ̀ tẹ̀ka sí i,
a ra bàtà fún un, a san owó ìdánwò rẹ̀,
kí ló dé tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ará Adó?
Ohun tí n kò kọ síbẹ̀:
ìyá rẹ̀ wà nílé ìwòsàn l'Adó.

Ìgbìmọ̀ jókòó. Wọ́n ṣí ìwé òfin:
ẹni tó bá fi ilé-ìwé sílẹ̀ láìgbàwé ìyọ̀ǹda
kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù fún odidi ọdún kan.
Ilé-ìwé tó gbà á, kí wọ́n san owó ìtanràn.
Wọ́n san án kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo yọ̀. Mo ra súùtì fún àwọn ọmọ tó kù.

Lánàá a lọ bá wọn gbá a.
Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, sílípáàsì lẹ́sẹ̀,
ó ń pín omi inú ọ̀rá
fún àwọn tí kò mọ bọ́ọ̀lù tó o.
Bọ́ọ̀lù yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀,
ó wo ojú rẹfirí,
ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó rí iná.

Ó sì dọ̀bálẹ̀ kí mi nínú eruku.

A borí, méjì sí òdo.
N kò sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ títí a fi kọjá Ifàkì.
Ó ku igba ọjọ́ ó lé mọ́kànlá.
Èmi náà ti ń kà á.