Àyè Kẹta Nínú Ìwé Ilmari

Aago méje àárọ̀ ní Turku, ilẹ̀ kò tíì mọ́,
kò sì ní í mọ́ títí aago mẹ́wàá á fi kù díẹ̀.
Yìnyín dì sójú odò Aura bí ọ̀rá ọbẹ̀ tó sùn mọ́jú.
Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀.

Iṣẹ́ tèmi, yàrá ìsàlẹ̀ ilé ni, ní yunifásítì,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná,
níbi tí àwọn olùkọ́ ti ń wá bi mí bí a ṣe ń kọ́ni.
Ní kọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń wá, bí ẹni tó fẹ́ yáwó.

Lórí itan mi, ìwé àkọsílẹ̀ Ilmari Vuorela:
ọjọ́ méjìlá, gbólóhùn kan náà lẹ́ẹ̀méjìlá,
"Lónìí mo jó irin pọ̀. Ó dára."
Nísàlẹ̀ ojú ewé, àyè ìbuwọ́lùwé mẹ́ta:
akẹ́kọ̀ọ́ ti buwọ́ lù ú, ọ̀gá ibi iṣẹ́ ti buwọ́ lù ú,
àyè kẹta, ti yunifásítì, funfun bí yìnyín tẹ́nikẹ́ni ò tẹ̀.
Gègé pupa ni Dókítà Lindroos fi kọ òdo sí i.
Òdo! Ọmọ tó ń kọ́ ọkọ̀, tó ń kọ́ṣẹ́,
tí wọ́n ní ó kọ̀, kò kọ.
Àbí ta ló kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ ọ́?

Ọ̀gá Pentti kò kí mi. Ó fi òòlù kékeré gbá irin tó ti tutù,
ó dẹ etí sílẹ̀. Ó tún gbá a.
"Ṣé o gbọ́?" Èmi ò gbọ́ nǹkan kan.
Ilmari ti gbọ́. Ó ti ń tan iná padà,
ó ń họ ibi tó dún bí agolo kúrò.
Mo bi í: "Kí lo gbọ́ yẹn?" Ó wo bàtà rẹ̀.
Mo bi ọ̀gá rẹ̀. Òun náà wo bàtà rẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọwọ́ ti mọ ohun tẹ́nu ò bá a mọ̀.

Ní Tọ́sìdé tó tẹ̀ lé e, mo fa Lindroos wọ bọ́ọ̀sì.
"Mo níwèé ìdánwò tí mo fẹ́ máàkì," ló ń wí títí a fi dé ẹnubodè.
Wọ́n fún un ní akoto, ó kọjú rẹ̀ sẹ́yìn dé e;
àwọn wẹ́dà yíjú sápá kan kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín.
Pentti nawọ́ sí irin pẹlẹbẹ kan:
"Olùkọ́, kí ló dé tó fi máa ń ká sókè lápá ibí,
bó ti wù kí n dì í mọ́lẹ̀ tó?"
Obìnrin náà bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó tọrọ ṣọ́ọ̀kì.
Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ tútù, ó ń ya ọ̀nà tí ooru ń gbà kọjá,
ibi tó kọ́kọ́ ń tutù, ibi tó ń fà á, ibi tí wọn ì bá ti bẹ̀rẹ̀.
Pentti ò sọ̀rọ̀ títí ó fi gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀,
ó fa ìlà kan kún un:
"Àmọ́ bí atẹ́gùn bá ń wọlé látẹnu ọ̀nà, ibí ni."
Ẹnu ya Lindroos. Ìyẹn ò sí nínú ìwé rẹ̀.
Ilmari dúró láàárín wọn, akoto lábíyá.
Ó yọ bírò.

Ohun tó kọ lọ́jọ́ náà, mo ṣì rántí:
"Irin tó bá dì dáadáa máa ń ró gooro, á pẹ́ kó tó dákẹ́.
Èyí tí ihò wà nínú rẹ̀ máa ń tètè dáhùn, bí ẹni tó ń purọ́."
Lindroos buwọ́ lù ú lórí ìdúró, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹfun.

Lópin ọdún, àwọn onísirò owó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́:
Kí ni o fi owó bọ́ọ̀sì yìí ṣe? Ẹni mélòó lo kọ́?
Mo jókòó tì í títí kọfí mi fi tutù.
Mo kọ ọ́: Kò sí ẹnì kan.
Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ bẹ́ẹ̀.
Níbi tí wọ́n ní kí n ti ṣàlàyé,
mo lẹ tíkẹ́ẹ̀tì méjì mọ́ ọn,
ọ̀kan tèmi, ọ̀kan tirẹ̀.