Ìparí Tí Akíndùró Sọ Fún Mi

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún,
tẹlifíṣàn Tíṣà Famúréwà kò tíì ní àwòrán kankan,
àfi ìlà gbọọrọ gbọọrọ tó tò bí ọmọ ilé-ìwé láàárọ̀,
tó ń han gooro létí wa.
Síbẹ̀ a ti jókòó.
A ti fọ ẹsẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ omi,
nítorí ìyàwó Tíṣà kì í gba ẹrẹ̀ Ìjòkà láàyè lórí kápẹ́ẹ̀tì.
Ẹni tí kò bá fọ tirẹ̀, ojú fèrèsé ni yóò ti wò ó,
yóò di irin mú bí ẹlẹ́wọ̀n.
Akíndùró ló máa ń kọ́kọ́ dé.
Kò sí ẹni tí yóò pè é nílé pé kó wá jẹun;
ìyá rẹ̀ ti lọ sí Kútọnu
láti ìgbà tí kò tíì mọ bàtà ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì.

Ọmọkùnrin kan ń wa ọkọ̀ ojú omi lójú sánmà.
Ìyá rẹ̀ ló ń wá.
Ajá olójú kan ń bá a tu ọkọ̀,
irùngbọ̀n ọ̀tá rẹ̀ ń rú èéfín,
gbogbo wọn ń sọ òyìnbó inú imú
tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ ju “gó!” lọ.
Ta ló bèèrè ìtumọ̀?
Tó bá ti ní “gó!”, àwa náà á dìde,
àga á ṣubú,
Bọ́sẹ̀dé á máa fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí ìgbòkun.

Dúdú àti funfun ni tẹlifíṣàn náà.
Mo ní pupa ni ìborùn ọrùn ọmọ yẹn.
Akíndùró ní irọ́ ni, àwọ̀ kòkó tó pọ́n lórí igi ni.
A jà á dé ìdí ẹ̀rọ omi, bọ́tìnnì mi méjì já.
Òun náà ni wọ́n máa ń rán lọ yí ọparun áńténà:
“Ṣé ó ti dáa?”
“Ó ku díẹ̀!”
“Báyìí ńkọ́?”
“Ó ti bàjẹ́, dá a padà!”
Ìdajì ìrìn-àjò náà, ẹnu wa ló ti gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Ẹtì tó máa parí,
bàbá mi sá kòkó sórí sìmẹ́ńtì, ó ní n kò gbọdọ̀ kúrò nídìí rẹ̀.
Òjò ṣú lápá Ìdànrè.
N ò rò pé ó mọ ọ̀nà ilé wa.
Ọkọ̀ ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀,
ilẹ̀kùn kan ń ṣí díẹ̀díẹ̀,
ni páànù orí wa pariwo.
Mo sáré. Kòkó ti ń léfòó lọ sínú gọ́tà.
Ewúrẹ́ kan dúró lábẹ́ òrùlé,
ó ń wò mí bí ẹni ń wo tẹlifíṣàn.
Ohun tí bàbá mi fojú mi rí, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Lálẹ́, mo da ojú bolẹ̀ lórí ẹní, Akíndùró wọlé.
Ó ní ilẹ̀kùn náà ṣí.
Ó ní obìnrin kan jáde, gàrí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀,
kò bi ọmọ náà ìdí tó fi pẹ́.
Ó ní, “Oúnjẹ rẹ wà nínú ìkòkò. Mo ti dé e.”
Mo ní, “Èdè wo ló fi sọ ọ́?”
Ó ní, “Èdè wa.”
Mo gbà á gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí.

Lánàá, ọmọ mi wá a jáde lórí fóònù.
Ilẹ̀kùn ṣí. Yàrá ṣófo.
Ọmọ náà yí ọkọ̀ padà,
ajá gbó lẹ́ẹ̀kan,
orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.
Búlúù ni ìborùn náà.

Mo pe Akíndùró níbi iṣẹ́ pákó rẹ̀ ní Oǹdó.
Ayùn ń ké lẹ́yìn rẹ̀.
Bóyá NẸ́PÀ ti múná lọ lọ́jọ́ náà,
bóyá ó rí yàrá yẹn, n ò bi í.
Mo kàn ní, “Kí ni àwọ̀ ìborùn yẹn?”
Kò tilẹ̀ rò ó: “Kòkó tó pọ́n.”
Mo ní, “Òótọ́ ni.
Ìwọ lo jàre.”