Káàdì Ọmọ Inú

Oyún mi wà lóṣù karùn-ún
nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ gòkè wá bá wa ní Tiólò.
Wọ́n kà wá láàárín ewé tíì bí ẹni ń ka ewúrẹ́.
Wọ́n ka orí mi, wọ́n tún ka ikùn mi.
"Ẹni méjì nìyí," Zakéyù wí,
ọmọ tí mo ti fi ẹ̀yìn mi pọ̀n rí.
Ó já káàdì méjì, ó gba owó méjì.
Táńbálà là ń pe owó náà. Àkùkọ ni ìtumọ̀ rẹ̀.
Àkùkọ lára owó, àkùkọ lára àsíá,
ojú Alága Ayérayé lára aṣọ tí a ró lọ jó fún un nínú oòrùn.
Bí mo bá jókòó, mo dákẹ́,
mi ò sọ ohun tí mo jókòó lé.

Láìsí káàdì, o ò ní wọ bọ́ọ̀sì.
Láìsí káàdì, ọjà Lùṣẹ́ńsà ń wò ọ́, ìwọ náà ń wò ó.

Oyún náà wálẹ̀ lóṣù keje.
Àpótí tíì ni Yótámù fi kan pósí;
orúkọ ìlú òyìnbó ṣì wà lára pákó rẹ̀,
ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tí wọ́n ní òyìnbó ti lọ.
Ọmọ mi kò lórúkọ. Nọ́ńbà ló ní.
Ó ti di ọmọ ẹgbẹ́ kó tó di ọmọ.

A dákẹ́. Ẹ má bi mí pé báwo.
Ọkùnrin kan ṣẹ̀fẹ̀ nídìí ọtí lálẹ́ Sátidé,
nígbà tó di Mọ́ńdè, apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dá wà lẹ́bàá òṣùwọ̀n.
Ìyàwó rẹ̀ kò sunkún;
ẹkún pàápàá, wọ́n ń gbọ́ ọ láàfin.

Títí di ọjọ́ Ìsinmi kan nígbà ààwẹ̀,
tí fáda ka lẹ́tà kan fún wa,
tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ìwé náà ń gbọ̀n.
Nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó ṣe Àmín.
A pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rù sì bà wá, nítorí a gbọ́ bí a ti pọ̀ tó.

Oṣù kẹfà ọdún kejì ni wọ́n ní ká wá yàn.
Òjò wínníwínní ń sẹ̀, èyí tí à ń pè ní Ṣìpèróni,
tí kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ, tí kì í sì í pa iná.
Ìwé méjì ni wọ́n fún mi: àkùkọ kan, fìtílà kan.
Àkùkọ ni ká má yí padà. Fìtílà ni ká wò ó bóyá.
Mo wọ ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ta.
Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn
tí èmi àti ìjọba dá wà, tí kò sẹ́ni tó ń wò wá.

Mo fi fìtílà sínú àpò ìwé.
Mo ju àkùkọ nù.
Mo yọ káàdì ọmọ mi láyà pé kí n sọ ọ́ tẹ̀ lé e,
ọwọ́ mi kọ̀.
Nínú gbogbo ìwé ayé, òun nìkan ló jẹ́rìí pé ó wá.

Fìtílà wọlé. Lẹ́yìn náà ni kẹrosíìnì gbówó lórí.
Òṣùwọ̀n tíì ṣì ń purọ́,
àmọ́ a lè bú u báyìí, lójú ọ̀gá.
Zakéyù wá láṣọ ẹgbẹ́ tuntun, irun rẹ̀ ti ń funfun,
ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń tọrọ ìbò.
Mo ní, "Ẹni mélòó lo kà nílé yìí?"
Ó wo ojú mi. Ó wo ikùn mi, ó tètè gbójú kúrò.
"Ẹyọ kan ni, Màmá."

Mo ní kó tún un kà.