Kí Lo Kó Bọ̀?

Ọjọ́ kẹta tí mo dé ni wọ́n tó bi mí.
Wọ́n kọ́kọ́ fún mi lómi, wọ́n fún mi ní ẹ̀kọ gbígbóná,
wọ́n ní ara mi ti gbẹ bí èèpo ẹ̀pà.
Ìyá àgbà wá fìdí kalẹ̀ lórí àpótí
nínú agbo ilé wa l'Ọ́jà Igbó, l'Ógbómọ̀ṣọ́,
ó wo àpò mi kan ṣoṣo,
ó tún wo ẹ̀yìn mi bóyá alábàárù ń bọ̀:
"Ìbídùn, kí lo kó bọ̀?"

Ìbéèrè rẹ̀ tọ́.
Ta ni ò mọ̀ wá mọ́ ọ̀nà jíjìn?
Bàbá bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ tuntun ti Támálè wọ̀lú,
àbúrò rẹ̀ kówó bọ̀ láti Níámè, ó fi kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì;
òrùlé ti ń jò, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára ògiri.
Èmi náà lọ sí orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀, ọdún méjì gbáko.
N ò ta aṣọ. N ò ta ìlẹ̀kẹ̀.
Gẹ̀ẹ́sì ni mo rù lọ,
n ò sì gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀.

"Kò sówó oṣù?" Kò sí.
"Kí lò ń jẹ?" Jéró, wàrà, ohun tí wọ́n bá ń jẹ.
Bọ̀dá Gbádégẹṣin rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́:
"Ẹ wo oníṣòwò! Ó gbé ọjà rìn jìnnà,
ó dé ọ̀hún tán, ó pín in bíi sàárà."

N ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.
Kíláàsì wa, pòròpórò ọkà ni ògiri rẹ̀,
ewúrẹ́ sì ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́;
ihò tó jẹ́ fèrèsé nígbà tí à ń ka wáànù, túù,
ti di ilẹ̀kùn kí a tó dé orí lẹ́tà kíkọ.
Ibẹ̀ ni Bíbátà máa ń jókòó sí,
kó lè máa ṣọ́ àbúrò rẹ̀ tó ń ṣeré níta.
Oṣù mẹ́rin ni kò fi la ẹnu.
Lọ́jọ́ kan ó dìde, ó ní òun ní ìbéèrè,
ó bèèrè rẹ̀ ní gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.
Mo yíjú sí pátákó kí wọ́n má baà rí ojú mi.

Séní ńkọ́, darandaran,
tó mọ owó kà tán, tó wá rí i
pé alágbàtà kan ń rẹ́ òun jẹ lọ́jà ẹnubodè?
Ó sín ohùn alágbàtà náà jẹ fún mi.
Ohùn ilé wa ni.
Èyí, n ò ní sọ ọ́ fún Ìyá àgbà.

Mo tú àpò. Aṣọ mẹ́ta, ìwé tí ikán ti jẹ létí,
àti èso dúdú kan tí wọ́n fi tákàdá dì,
ẹ̀bùn ìyá Bíbátà.
Mo mọ orúkọ rẹ̀ ní gẹ̀ẹ́sì.
Séní bi mí rí pé kí lẹ̀ ń pè é nílé yín,
ẹnu mi ṣófo bí igbá.
Ìyá àgbà gbà á, ó tọ́ ọ wò,
omi lé ròrò sójú rẹ̀.
"Àjàgbọn," ló wí.
"Bàbá yín kì í ti Támálè dé kó má ní in lápò."
Ó tún tọ́ ọ wò. Kò bi mí ní nǹkan mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn fóònù dún.
Bíbátà ni, ó ti gun òkè kó lè rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.
Ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Dọ́sò,
wọ́n ti fún un ní ṣíà tirẹ̀.
"Ṣíà" gan-an ló pè é,
bí wọ́n ṣe ń pè é ládùúgbò wa, láìyẹ̀.
Ìyá àgbà ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Ó kàn na etí,
àjàgbọn lẹ́ẹ̀kẹ́,
ó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gòkè, tó ń sọ̀,
ó fọwọ́ tọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́:
"Ọmọ ta nìyẹn, l'Ọ́jà Igbó níbí?"