Lẹ́yìn Ṣọ́ọ̀bù Jélíìlì

Àwa mẹ́rin péré ni mo mọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́
tí a ń gbọ́ orin onírin.
Bóyá àwọn mìíràn wà ní Ọ̀yọ́, bóyá ní Ìsẹ́yìn,
a ò tíì bá wọn pàdé.
Ní Sátidé, bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀ lẹ́yìn Tákìé,
a óò jókòó lórí páìpù tí Jélíìlì kò tíì jó pọ̀,
lábẹ́ igi kajú tó ń já èso rẹ̀ lu páànù,
foonu mẹ́rin, íápíìsì kan ṣoṣo,
apá òsì rẹ̀ ti kú láti èṣí.

"Kí lò ń gbọ́ lọ́sẹ̀ yìí?"
Ìkíni wa nìyẹn. A kì í béèrè iṣẹ́, a kì í béèrè owó.

Oyèsìjí ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn:
"Ẹ gbọ́ àwọn Yìnyín-Ò-Jóná.
Ẹ má wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ o, ó dà bí ẹni ń gbálẹ̀.
Ẹ ní sùúrù dé ìṣẹ́jú kẹta."
Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nílé wọn kọ́ nìyẹn;
tilé wọn, ahọ́n wa ò gbé e,
la bá sọ wọ́n lórúkọ
bí ìyàwó ilé ṣe ń sọ àwọn ọmọ ọkọ rẹ̀.
Bàbá-Onírùngbọ̀n. Ààrá-Ta-Epo.
Obìnrin kan wà tó ń bú bí ẹkùn abiyamọ,
Eyínmẹ́nugún là ń pe tiẹ̀.

Mofiyìn, ọmọ olùkọ́ Bíbélì, kò fẹ́ orin tó ń sáré.
"Èyí tó ń fà bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun òkè ni kẹ́ ẹ fún mi,
gìtá tí wọ́n dẹ okùn rẹ̀ títí tó fi ń gbọ̀n nínú eyín."
Jélíìlì ní irọ́ ni, ìlù ẹlẹ́sẹ̀ méjì layé,
ó fi bàtà rẹ̀ lu páìpù, gbà-gbà-gbà-gbà-gbà,
ewúrẹ́ kan dìde nídìí ògiri, ó bá tiẹ̀ lọ.

Èmi mú orin kan wá lọ́jọ́ náà,
ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ó jẹ dátà ọjọ́ mẹ́ta.
Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀. Mo kàn ní, "Ẹ gbà."

Ibẹ̀ ni Ìyá Àdìgún yọ sí wa,
ẹlẹ́rọ gàrí òdìkejì títì,
ó wá wo ilẹ̀kùn irin tó ti sanwó rẹ̀ láti oṣù tó kọjá,
ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ funfun lórí ìpéǹpéjú rẹ̀.
Oyèsìjí sáré pa foonu mọ́ ìtẹ́lẹ̀ ọwọ́.
"Kí lẹ ń fi pamọ́? Ẹ gbé e wá."

A wo ara wa.
Mofiyìn fi íápíìsì sí i létí, apá tó yè.
Ìyá dijú. À ń retí "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"
"Ẹ̀rọ mi rèé!" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ mi,
lọ́jọ́ tí bẹ́líìtì rẹ̀ fẹ́ já."
Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin yẹn wọlé,
ohùn bí ẹni tó gbé yangí mì.
Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ìyá.
"Ọmọ yìí ń sunkún. Ta ló kú fún un?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa.
Ọdún méjì tí à ń gba orin lọ́wọ́ ara wa,
a mọ ẹni tó ń lùlù, a mọ ẹni tó bínú kúrò nínú ẹgbẹ́,
a ti torí àwo kejì bára wa jà,
a ò béèrè ìyẹn rí.

Jélíìlì wolẹ̀.
Àbúrò rẹ̀, Múbáṣírù,
òun ló kọ́kọ́ gbé orin yìí wọ àdúgbò wa
nínú káàdì tí kò tó èékánná,
kó tó dọ̀nà Ìlọrin, kó tó di oṣù Ẹrẹ́nà.
A kì í dárúkọ rẹ̀ lábẹ́ igi yìí.
Jélíìlì na ọwọ́, ó gbé ìbòjú iṣẹ́ rẹ̀, ó fi bojú,
bẹ́ẹ̀ iná ò sí láti àárọ̀.

Ìyá ò béèrè ilẹ̀kùn mọ́.
Ó fìdí lé páìpù, ó nu íápíìsì mọ́ ìró rẹ̀, ó tún un kì bọ etí.
"Ṣé ó ti parí ni?"
"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà, mà."
"Ẹ jẹ́ kó sunkún ẹ̀ tán."

Ilẹ̀kùn yẹn, kò tíì rí i gbà títí dòní.